Kí Ẹ Tó Gbé Háwáù Lọ sí Akanran

Ìrókò,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Mùjídátù Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé, ìwọ àti ọkọ rẹ àti ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín. Ara mi le. Orúnkún mi ṣì ń ṣe bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ẹnu mi, bí o ṣe máa rí i nínú ìwé yìí. Jókòó kí o tó kà á. Má kà á nídìí ìkòkò, nítorí ó gùn, ọbẹ̀ rẹ á sì jóná.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí ìyá rẹ tó ní fóònù lọ́wọ́ ń kọ lẹ́tà. Ìwọ lo fà á. Ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, ṣe lo máa ń ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ lè ráyè gé ẹ̀fọ́, gbogbo ilé á sì máa gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Dírẹ́bà tó ń kó gàrí wa ni mo fi rán sí ọ ní Ajibode, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi lé.

Lánàá, o sọ̀rọ̀ Háwáù ọmọ ọkọ rẹ fún mi. O ní nígbà tí o kọ́kọ́ wọ ilé yẹn, ọmọ náà ń bá ọ rẹ́rìn-ín, ó ń bá ọ tú irun, ṣùgbọ́n láti bí oṣù kan ààbọ̀ báyìí, ó ti yí padà. Bó bá ti ilé ìwé dé, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bí o bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta, á dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Abọ́ oúnjẹ tí o gbé fún un ló ń gbé padà bí o ṣe bù ú, bí o bá sì béèrè, á ní òun ń gbààwẹ̀. O ní ìgbéraga ni, pé torí kì í ṣe ìwọ lo bí i ni kò ṣe kà ọ́ sí. O ní ìwọ àti bàbá rẹ̀ ti fẹnu kò pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Akanran, kí iṣẹ́ oko lè bá a gbọn ìgbéraga náà dànù lára.

Ọmọ mi, nígbà tí o dárúkọ ààwẹ̀ yẹn, mo sáré gé ọ̀rọ̀ kúrú. Mo ní kí o jẹ́ kí n máa lọ, pé iná fóònù mi fẹ́ kú. Irọ́ ni. Iná kún inú fóònù. Ẹkún ló fẹ́ gbọ̀n mí.

Mo ti gbọ́ ààwẹ̀ yẹn rí nínú ilé yìí, lẹ́nu ọmọ tí mo fi inú ara mi bí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà náà. Ṣé o rántí pé a sọ fún yín pé Rábíátù ẹ̀gbọ́n rẹ lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ìbàdàn? Ilé ìwòsàn ló lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ara rẹ̀ yá ló tó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Mo parọ́ fún yín nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé aráyé á ní àrùn ọpọlọ wà nínú ìdílé wa, ọkùnrin ò sì ní fẹ́ yín. Má bínú sí mi. Láàárọ̀ yìí, mo wọ ọkọ̀ lọ bá Rábí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mọ́níyà, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan bírò, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ibi tí ẹ ti ṣe àṣìṣe pàápàá, ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀." Mi ò ní yọ ọ́ sílẹ̀.

Rábí tí o mọ̀ lónìí ń rọra sọ̀rọ̀. Rábí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ nìyẹn. Ohùn tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Níbi tí a ti ń yan gàrí, òun ló ń fi orin wákà dá wa lára yá, òun ló ń bá àwọn oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi ra èyí tí wọn ò fẹ́ rà.

Lẹ́yìn Ràmàdáánù ọdún náà, ó ní òun fẹ́ fi ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà kún un, bí àwọn tó ń wá láádá ṣe máa ń ṣe. Mo ní ó dáa. Nígbà tí ìyẹn parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ti Mọ́ńdè àti ti Àlàmísì. Kò pẹ́, ó di ojoojúmọ́. Orin dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní orin ò yẹ ẹni tó ń gbààwẹ̀. Kò lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́, ó ní òfófó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Orí ẹní ìkírun ló máa ń wà. Bí kò bá kírun, á ti sùn lọ síbẹ̀, bó jẹ́ ọ̀sán gangan.

Kí ni èmi ìyá rẹ̀ ṣe? Inú mi dùn! Àwọn ẹgbẹ́ àsàláátù wa ní kí gbogbo abiyamọ wá wo ọmọ tí Ọlọ́run fọwọ́ tọ́. Mo wé gèlè mi ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàwó kejì ni mo jẹ́ fún bàbá rẹ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Ìyá Sàká, ìyálé mi, sì ń ṣe dáadáa nílé ìwé. Èmi náà ń wá ohun tí mo máa fi yangàn. Ààwẹ̀ Rábí ni mo rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń bó ẹ̀gẹ́, Ìyá Sàká fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyàwó, má bínú o. Mo ti ń wo Rábí bọ̀. Oṣù méjì rèé, kò já ààwẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ tó ti bàlágà ni. Ṣé kì í rí nǹkan oṣù rẹ̀ ni? Àti pé ta ló tiẹ̀ ti rí i kó ṣínu?"

Wo ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí sọ. Kò sí ọmọbìnrin Mùsùlùmí tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá ń rí nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀. Yàrá kan náà lèmi àti Rábí ń sùn, mi ò ka ọjọ́. Orogún mi ló kà á. Dípò kí n dúpẹ́, mo gbójú sókè, mo ní, "Ìyálé, bí ọmọ tiyín náà bá ń sin Ọlọ́run, ẹ ò ní ráyè máa ka ààwẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ." Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan iyọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni Rábí bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀. Ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bàtà tí a rà fún un nígbà Iléyá. Ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ fún ọmọ Ìyá Sàká. Ìwọ ló fún ní híjáàbù aláwọ̀ ewé tó fẹ́ràn jù, o sì ń wọ́ ọ nílẹ̀ káàkiri àgbàlá. Mo ní sàárà ni, mo ní Ọlọ́run á fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dá a lọ́lá. Lọ́jọ́ kan tó ń ká aṣọ, ó ní, "Màámi, bí mi ò bá sí níbí mọ́, ẹ̀yin àti Mùjí á ráyè sùn dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì yìí." Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ta lọkọ náà?"

Jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ogún ọdún ó lé ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó ṣì ń dùn mí bí èyí tí mo sọ lánàá.

Lọ́jọ́ kejì, lówùúrọ̀, Ìyá Sàká rí Rábí lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò pariwo. Ìyá Sàká ò wàásù fún un, kò sì bú u. Ó jókòó tì í nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó sì bi í, láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, pé, "Rábí, ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o má sí láyé mọ́?" Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó ti pẹ́. Ó ní kò sí ẹni tó bi òun rí.

Ìyá Sàká dì í mú, ó ké sí mi láti ibi tó jókòó sí. Mo sáré dé, mo sì gbọ́ ọ. Aládùúgbò wa kan ní ká tètè gbé e lọ sílé kan tí wọ́n ti ń so irú wọn mọ́lẹ̀, tí wọ́n á máa fi pàṣán lé ohun tó wà lára wọn jáde. Kí n má parọ́, mo fẹ́ gbà. Ìyá Sàká ló kọ̀. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò ní so ọmọ yìí mọ́ nǹkan kan. Ilé ìwòsàn là ń lọ." Ọkọ̀ gàrí la wọ̀. Kò jọ̀wọ́ ọwọ́ Rábí títí a fi dé Ìbàdàn.

Dókítà ní àìsàn ni, pé bí ibà ṣe ń mú ara náà ni àìsàn ṣe ń mú ọkàn, pé ó ní oògùn, ó sì ní ọ̀rọ̀ sísọ tó ń bá oògùn rìn. Ó bi Rábí léèrè nípa ààwẹ̀. Rábí ní oúnjẹ ló ti dà bí iyanrìn lẹ́nu òun, kò wọlé mọ́. Ó ní òun rí i pé bí òun bá ti ní òun ń gbààwẹ̀, kò sí ẹni tó máa béèrè ìdí tí òun ò fi jẹun, ṣe ni wọ́n á tún máa yin òun. Èmi ni wọ́n tí ó ń wí, Mùjí. Kò sì sí ohun kan tí a lè nàka sí pé òun ló fa àìsàn yìí. Kò sí ẹni tó lù ú, kò fìdí rẹmi nílé ìwé. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn.

Ó gbádùn. Kò yá bí a ṣe fẹ́, ó tó oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ó gbádùn. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Sàká kó tó kú, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ní báyìí, ìwọ àti Háwáù. Mi ò sọ pé àìsàn ń ṣe ọmọ náà o. Mi ò rí i. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o wò ó dáadáa, kí o má sáré sọ ọ́ lórúkọ. Mo fẹ́ fi nọ́ńbà sí ìmọ̀ràn mi kí o lè rí i tẹ̀ lé. Bí mo bá ṣi nọ́ńbà, ìwọ tí o kàwé jù mí lọ, kí o tún un ṣe.

Èkíní. Má fi Háwáù wé ọmọ ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ni kí o fi wé, èyí tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ àti èyí tó jẹ́ báyìí. Ọmọ tó ń bàlágà máa ń fajú ro, èyí kì í ṣe àrùn. Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ mẹ́ta ni o ò fi bá mi sọ̀rọ̀ nítorí pé mo ní o ò lè lu ihò kejì sétí. Lọ́jọ́ kẹrin, o ti ń jí ẹran nínú ọbẹ̀ mi. Ìbínú ọmọdé nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú Rábí sọ fún wa pé bí ìfajúro náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì ti ran oúnjẹ, ó ran oorun, ó ran ẹ̀kọ́, ó ran ọ̀rẹ́, tí ohun tí ọmọ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, ẹ má pè é ní ìwàkíwà mọ́. O ní oṣù kan ààbọ̀. Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Ìkejì. Ohun tó dáa lójú, yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú. Àwa níhìn-ín, ọmọ tó bá dákẹ́ la ń pè ní ọmọ tó ní ẹ̀kọ́. Bó bá ń gbààwẹ̀, béèrè ìgbà tó máa ṣínu, kí ìwọ náà jókòó bá a ṣínu. Fojú ara rẹ rí i pé ó jẹun. Wò ó bóyá ó ń sùn jù tàbí kì í sùn rárá, bóyá orí fífọ́ àti inú rírun kì í tán lára rẹ̀, bóyá ó ti ń fi ẹrù rẹ̀ ta èèyàn lọ́rẹ. Fetí sí i bó bá ń sọ pé òun ò wúlò, tàbí pé ilé á rọrùn bí òun ò bá sí. Má bi í pé ta lọkọ.

Ìkẹta. Má pè é síwájú bàbá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún. Ọmọ kì í sọ ti inú rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. O ní ó ń bá ọ tú irun tẹ́lẹ̀, ní kó tún wá bá ọ tú u. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí rẹ, tí ojú yín ò ko ara wọn, sọ fún un pé o rí i pé nǹkan yí padà, pé o ò bínú, pé o fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, Àjọkẹ́ mi, panu mọ́. Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro fún ọ, ọmọ mi ni ọ́. Má sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan ni ìyá rẹ̀ kú. Má sọ fún un pé nígbà tiyín, ẹ̀ ń rìn lọ sóko láìjẹun. Mo bi Rábí láàárọ̀ yìí pé ọ̀rọ̀ wo ni Ìyá Sàká sọ tó ràn án lọ́wọ́ jù. Ó rò ó títí, ó ní òun ò rántí ọ̀rọ̀ kankan, pé bó ṣe jókòó tì òun ni òun rántí.

Ìkẹrin, èyí tó wúwo jù. Bí ọkàn rẹ bá fura, bi í ní tààràtà bóyá ó ń rò ó pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé bí a bá bi ọmọ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, a ti kọ́ ọ níyẹn. Dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà síni lọ́kàn, ṣe ló máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹni tó rù ú. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má pariwo, má bú u, má sì búra fún un pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Má fi òun nìkan sílẹ̀. Kó oògùn àti ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí. Pe bàbá rẹ̀, kí ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró di ọ̀la.

Bó bá tiẹ̀ ní rárá, ẹ ṣì gbé e lọ. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtọ́jú ìlera tó wà nítòsí yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bó ṣe rí gan-an, wọ́n á júwe ibi tó kàn. Ọkọ rẹ lè ní àdúrà ló kù. Sọ fún un pé alfa wa gbàdúrà fún Rábí láràárọ̀, àti pé alfa kan náà ló máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ó ti lo oògùn rẹ̀ lónìí?" Bó bá ní kí ni aráyé máa wí, sọ fún un pé aráyé tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀rù nígbà náà, wọn ò bá a bọ́ ọmọ, wọn ò sì bá a wọ ọkọ̀ gàrí.

Mo ti ṣi nọ́ńbà, ó yẹ kí èyí jẹ́ ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà, mi ò mọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ Akanran ni. Oko ò burú, oko la jẹ dàgbà. Ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ni ìyá ọmọ yìí ti kú. Bí ẹ bá tún kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú yàrá rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó rò nípa ara rẹ̀? Bó bá sì débẹ̀, ìyá àgbà á rí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í béèrè oúnjẹ, tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Á pè yín lórí fóònù pé ọmọ yín ti gbọ́n. Ẹ̀yin náà á dúpẹ́. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn, tí mo wé gèlè sí.

Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́ bó ṣe ń gbé oúnjẹ rẹ padà. Ìyàwó tuntun ni ọ́, o fẹ́ kí wọ́n kà ọ́ sí nílé ọkọ rẹ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga tí o rò pé o rí lára Háwáù, wò ó bóyá tiwa ni, ìwọ àtèmi. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Ìyá Sàká ò bí Rábí, ó tún jẹ́ ẹni tí mo sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí, síbẹ̀ òun ló rí ọmọ mi nígbà tí èmi ò rí i. Mi ò mọ ohun tó lè dùn mọ́ mi ju kí ìwọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ obìnrin kan tó ti kú.

Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń bọ̀. Mi ò wá jà, mi ò sì wá gba àkóso ilé ọkọ rẹ. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa lò, orí ẹní nínú yàrá Háwáù ni mo sì fẹ́ sùn, bó bá gbà fún mi. Ka ìwé yìí fún ọkọ rẹ lálẹ́ òní, láti òkè dé ilẹ̀, má fo ibì kan. Sọ fún un pé mo ní kó má pe Akanran ná.

Bí Háwáù bá rí ọ tí o ń tún ilé ṣe, tó sì béèrè pé ta ni màmá yín ń bọ̀ wá kí, sọ fún un pé òun ni.

Èmi tí mo bí ọ,
Ìyá Rábí.